Omi Àdúrà Tí Àlàájà Gbà Lọ́wọ́ Mi

Ẹni tó jí mi nínú oorun tí ìyá mi sùn tí kò jí, ògo ni fún Un! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké Halelúyà! Ẹ tún un ké, ti àkọ́kọ́ yẹn ò tíì dé òkè àjà!

Ẹ mọ̀ pé èmi Ìyá Ṣadé kì í dákẹ́. Àpò ẹ̀wà ni mò ń tà ní Èbúté Èrò, ohùn mi ló sì máa ń ṣáájú mi dé ọjà. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Afárá Kẹta, inú rírun dá mi mọ́lẹ̀. Mo jẹun, ó ń padà. Mo rù títí ìró ò fi dúró nídìí mi mọ́. Dókítà wo inú mi, ó ní, "Mama, jẹjẹrẹ ni, àpòlúkù yín ló wà. A ṣì lè gé e kúrò."

Ẹ̀yin ará, ọ̀bẹ kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Oorun ni! Mo ṣì kéré nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọ tíátà. Wọ́n ní kí ìyá mi sùn díẹ̀. Wọn ò jí mọ́.

Dókítà tó ń fún èèyàn lóògùn oorun wá bá mi ní bẹ́ẹ̀dì. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní, "Mama, tẹ́lẹ̀, oògùn oorun nìkan la máa ń lò, a sì máa ń fún èèyàn lọ́pọ̀. Ní báyìí à ń da méjì pọ̀, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún: abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan lẹ́yìn, kí ara má mọ ìrora, lẹ́yìn náà oògùn oorun. À ń fi ọ̀nà méjèèjì wéra, ká lè mọ èyí tí aláìsàn máa ń tètè jí nínú rẹ̀."

Mo ní, "Dókítà, ẹ má fi mí wé ẹnikẹ́ni o! Èyí tí mo máa jí nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Alápapọ̀ ni màá fún yín, tẹ́ ẹ bá gbà. Àmọ́ láti alẹ́ òní, ẹ má jẹ, ẹ má mu. Tí nǹkan bá wà nínú yín, ó lè gba ọ̀nà èémí nígbà tẹ́ ẹ bá ti sùn. Ìyẹn máa ń pa èèyàn." Mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà ló jókòó tì mí, àgbà inú agbo ilé tí mò ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo fa ìgò omi àdúrà tí ẹ fún mi yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo mu ún dé ìdajì. Nọ́ọ̀sì wọlé. "Mama, ẹ ò mu nǹkan kan?" Mo ní, "Rárá o." Ẹ̀yin ará, mi ò purọ́! Lójú tèmi, ìbùkún ni. Ta ló ń ka ìbùkún mọ́ omi?

Àlàájà ní, "Nọ́ọ̀sì, ó mu omi."

"Àlàájà! Omi àdúrà ni!"

"Mo mọ̀. Omi sàmúsámù tí mo gbé bọ̀ láti Mẹ́kà wà nílé. Tí mo bá mu ún lọ́sàn-án ààwẹ̀, ààwẹ̀ mi bàjẹ́. Omi tó bá ti gba ọ̀fun kọjá, omi ni." Àlàájà gba ìgò náà, wọ́n jù ú sínú báàgì wọn.

Dókítà sún iṣẹ́ abẹ sí ọjọ́ kejì. Inú bí mi! Mi ò bá Àlàájà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn ò sì lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn dókítà gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi móoru, ó ń jìnnà sí mi. Dókítà ní, "Mama, ẹ máa pe orúkọ àwọn ọmọ yín." Mo pe Ṣadé. Mo pe Táyé. Kẹ́hìndé ò tẹnu mi jáde.

Mo bá ara mi lórí ọ̀sà, létí Èbúté Èrò. Mò ń rìn lórí omi, ẹsẹ̀ mi ò tutù. Ọjà ò pariwo. Ọkọ̀ ojú omi kan dúró jẹ́ẹ́, ó kún fún àpò ẹ̀wà mi, ìyá mi sì jókòó lé wọn lórí. Ìyá mi ò darúgbó rárá. Wọ́n bu omi sínú igbá, wọ́n nà án sí mi. "Ọmọ mi, òùngbẹ ń gbẹ ọ́. Mu."

Òùngbẹ sì ń gbẹ mí lóòótọ́! Igbá yẹn kan ètè mi. Ni mo bá rántí ọ̀rọ̀ Àlàájà: omi tó bá ti gba ọ̀fun kọjá, omi ni. Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Dókítà ò tíì ní kí n mu." Ìyá mi wò mí títí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n da omi náà padà sínú ọ̀sà, ọkọ̀ wọn sì ṣí. Mo sunkún.

Mo gbọ́ tí dókítà ń sọ pé, "Mama, ọmọ kẹta ńkọ́?"

Mo ní, "Kẹ́hìndé!"

Mo jí! Ẹ̀yin ará, mo jí! Olúwa, ẹ ṣeun! Wọ́n ti gé jẹjẹrẹ náà kúrò. Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí n fẹnu kan omi, Àlàájà ṣí báàgì wọn, wọ́n mú ìgò mi jáde, wọ́n gbé e sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní, "Mu ún wàyí. Ìṣínu ti tó."

Ìwọ tó ń bẹ̀rù oorun náà, gbàdúrà, kó o sì sọ òótọ́ fún dókítà. Má sì bínú sí ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tí o ò sọ ọ́. Baba, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá!

Ìgò náà rèé. Mo ti rọ omi kún un padà. Ẹ bá mi gbàdúrà sí i, orúnkún ló ń dun Àlàájà. Wọ́n ní àwọn á mu ún. Àmọ́ ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, wọ́n ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́.