Òtútù Tí Omi Gbé Lọ

Níbi tí mo ti ń dúró láti pọnmi nídìí kànga kan n'Ísọlọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá tó gbẹ́ kànga náà àti ọmọbìnrin kan tó fi okùn sọ ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ilẹ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀.

"Bàbá, ilẹ̀ kì í tètè gbàgbé òtútù. Ó yẹ kí ti ìgbà èwe yín ṣì wà nísàlẹ̀."

"Ọyẹ́ ìgbà yẹn? A máa ń yáná ká tó lè wẹ̀. Ṣé o rí i?"

"Rárá, sà. Omi tó ń ṣàn nísàlẹ̀ ti gbé e lọ. Ibi tí omi ò bá ti rìn ni ilẹ̀ ti ń rántí."

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, bàbá tẹjú mọ́ kànga.

"Èmi ni mo wá ojú omi yẹn rí. Nígbà tó kàn mí lẹ́sẹ̀, ó tutù débi pé mo bú sẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn sínú ìwé rẹ."