Fọ́ọ̀mù Joel Tí Mo Tẹ̀ Sábẹ́ Mátíráàsì

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ará. Ẹ má tíì dá orin, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ẹ̀rí ọpẹ́. Ó ti rẹ̀ mí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a; ọdún méjì péré ni tèmi lọ, ó sì ti tán mi lókun. Èmi Fọláwùnmí tí ẹ ń pè ní Ìyá Joel ni mò ń sọ̀rọ̀.

Joel kò sí lójú òkun. Kò bá ọkọ̀ kankan lọ. Gbogbo àdúrà tí ẹ ń gbà pé kí ìgbì má gbé e lọ, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà ní gbogbo ìgbà yẹn, ní Hamburg. Òògùn olóró ni wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́ ní èbúté. Ojú tì mí, mo wá sọ fún yín pé ó ti di atukọ̀. Ẹ ṣe àmín, tèmi tún lọ sókè ju tiyín lọ. Àgbà ń parọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyẹn, ọmọ ló ṣe é. Tèmi ló burú jù. Nígbà tó dé ọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Olùkọ́ kan níbẹ̀, obìnrin tó ń jẹ́ Mia, bá a wá àyè ní yunifásítì tí èèyàn lè kà láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní ìjọba lè fún un ní BAföG, owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ìwé kan ṣoṣo ló kù: kí òbí kọ iye tó ń gbà níbi iṣẹ́, kó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ sí mi ní àdúgbò wa ní Schöneberg níbí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí fọ́ọ̀mù Jẹ́mánì tí a kì í gbé fún Bàbá Láoyè lẹ́yìn ìsìn, kó bá wa kà á, kó bá wa kọ ọ́. Èmi tí mò ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí ni mo mọ̀ nínú èdè tó le báyẹn? Ṣùgbọ́n wọ́n kọ àdírẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ sókè ìwé náà gàdàgbà: ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí Bàbá bá rí i, àṣírí tú nìyẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ mátíráàsì. Lẹ́tà ìránilétí dé lẹ́ẹ̀mejì, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ náà.

Joel pè mí lórí fóònù, ó ní, "Mummy, wọ́n ní àwọn ò tíì rí ìwé yín o." Mo ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, ọmọ mi. Bóyá ó sọnù lọ́nà." Ó gbà mí gbọ́. Nígbà tí àkókò kọjá, Mia sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni kò fi ìwé ránṣẹ́. Joel gbá tábìlì, ó ní, "Ìyá tèmi kì í parọ́. Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé mi sọnù." Ó bú obìnrin tó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n lé e kúrò ní yàrá ìkàwé, wọ́n fi í síbi iṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí mo lọ wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn ìjà náà fún mi, ó ń retí kí n yìn ín. Mo yìn ín. Mo ní, "O ṣeun, o gbèjà mi." Irú ìyá wo nìyẹn?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ òtítọ́ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣì wà lójú òkun?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ lọ mú mi sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, Mummy, kí ẹ tó padà wá." Ó dìde kí àsìkò ìbẹ̀wò tó parí.

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Bàbá Láoyè, wọ́n ní a ṣì lè kọ fọ́ọ̀mù mìíràn, tí Joel bá gbà. Mi ò mọ̀ bóyá á gbà. Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ṣubú, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Èmi fi tèmi fún ẹkùn nígbà tí ọmọ náà ń gbìyànjú àtidìde. Ẹ forí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàdúrà fún mi lónìí. Ẹ pe orúkọ ọmọ mi, kí ẹ sì pe ibi tó wà.