Ọmọ Ajá Tí Kò Mọ Ẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Ìbà, mo gbọ́ tí obìnrin kan tó gbé ọmọ ajá dání ń bá bàbá àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀.

"Ìdájí ni mo ń lọ síbi iṣẹ́, sà. Kí n tó dé, á ti tọ̀ sí pálọ̀. Mo máa ń nà án."

"Ṣé o máa ń bá a níbi tó ti ń tọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Á ti gbẹ."

"Á jẹ́ pé kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn."

"Ní báyìí, tó bá ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, á tọ̀ sára. Mo fẹ́ bẹ dókítà kó bá mi wá ẹlòmíì tó máa gbà á."

Bàbá na ọwọ́ láti fi rọra pa ajá náà lórí. Kí ọwọ́ náà tó kàn án, ajá náà ti dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.