Mo Ní Ìdílé Wa Mọ́

Ọdún tí ogun abẹ́lé parí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé àrùn lè bá ẹ̀jẹ̀ bàbá wọ inú ọmọ. Dókítà kan ló sọ ọ́ fún mi ní Ìgbó-Ọrà, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Àlàbí, àbúrò mi. Mo gbọ́, n kò gbà. Ohun tí àìgbà mi dá sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn dòní. Mo ti darúgbó kí n tó fúnra mi kọ́ ìwé. Ìwé tí mo kọ́ náà ni mo fi ń kọ ọ́ fún yín yìí.

Àlàbí ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Jẹ̀díjẹ̀dí la pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ náà la pe ti bàbá wa kó tó kú ní Ìdèrè. A ní ohun dídùn ló jẹ jù. Ta ni nínú wa tí kò mọ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí í sè? Àgbo náà kò ran bàbá wa, kò sì ran Àlàbí. Dókítà ní kókó wẹ́wẹ́ ló hù sí i nínú ìfun, wọ́n pọ̀ lọ jàra, ọ̀kan nínú wọn sì ti di jẹjẹrẹ. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, ta ló tún ṣe irú àìsàn yìí nínú ẹbí yín? Bó bá wà, ẹ kó àwọn ọmọ yín wá kí n yẹ̀ wọ́n wò kó tó bàjẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti fọmọ fọ́kọ rí mọ irú ìbéèrè yẹn. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni alárinà láti Ayétẹ̀ ń wádìí ìdílé wa nítorí Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin: ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó dúró tì wá, ọmọ Ayétẹ̀ ni. Mo ní, "Kò sí. Ìdílé wa mọ́." Àlàbí wò mí, ó kọjú sí ògiri.

Àlàbí kú, a sin ín. Àbẹ̀kẹ́ lọ sílé ọkọ ní Ayétẹ̀. Nígbà tó yá, Délé, àkọ́bí mi, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìnkùlé lemọ́lemọ́. Mo tún se àgbo, mo ní kó dẹ̀yìn lẹ́yìn ṣúgà. Kí n tó gbé e dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ti ràn dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayétẹ̀. Ìyá ọkọ Àbẹ̀kẹ́ gbọ́ mi tán, ó ní, "Bàbá Délé, ṣebí a béèrè lọ́wọ́ yín."

"Irọ́ ni mo pa."

"Ọmọ ti di méjì kí ẹ tó rántí òótọ́?"

"Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ó sin Àbẹ̀kẹ́."

"Ẹ máa mú ọmọ yín lọ nígbà náà. Tiwa méjèèjì kò ní kúrò níhìn-ín."

Àbẹ̀kẹ́ di ẹrù rẹ̀ láìwò mí lójú. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kókó wà nínú ìfun tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bàjẹ́. Wọ́n gé ìfun náà ní Ìbàdàn. Ó wà láàyè, ó ń ta ẹ̀pà níwájú ilé mi.

Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún àwọn ará Ayétẹ̀, nítorí wọ́n ní dókítà kankan kò ní fojú kan àwọn ọmọ Àbẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ẹni tó gbé àrùn pamọ́ kọjá oore oníṣègùn. Ẹ má fi ojú alárinà wo dókítà.

Bàbá mi, Àlàbí, Délé: èèyàn mẹ́ta. Ilé ọkọ kan. Ọmọ-ọmọ méjì tí wọn kò mọ̀ mí mọ́.