Èmi Ni Mo Pa Fọ́tò Alhaja Rẹ́

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí Bísí wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ajah, ó ní òun ò mọ ohun tí òun ṣe tí àwọn ará ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà ò fi pe òun síṣẹ́ mọ́. Ó ní kí n máa fi òun sínú àdúrà. Ha! Mi ò lè gbójú sókè títí ó fi lọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àǹtí Bísí ló kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò. Nígbà tí láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ bàjẹ́, òun ló bá mi lọ ra òmíràn. Méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan ṣeé fi ìka tẹ lójú bíi fóònù, ó ń dán bíi dígí. Èkejì kò gba ìka, kò sì dán, àmọ́ àwọ̀ ara èèyàn hàn nínú ẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Àǹtí ní, “Gbé èyí tí kò dán yìí. Máòsì lo fi ń ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ fi ìka ṣe? Òróró ọwọ́ á kàn máa bo ojú oníbàárà ni.” Ṣé mo gbọ́? Báwọn èèyàn Lekki ṣe máa wò mí tí mo bá ń fi ìka kan ṣí fọ́tò wọn ló wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi bí ọ̀gá. Mo gbé èyí tó ń dán.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Àǹtí bá mi wá iṣẹ́ ní ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù fẹ́ ká ya ìyá rẹ̀, Alhaja, tó ti ń ṣàìsàn fọ́jọ́ pípẹ́. Àǹtí bá mi gbé iná, èmi ń ya fọ́tò. Alhaja ò fẹ́ràn fọ́tò rárá, àmọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré kan gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó wé gèlè ìyá àgbà bo ojú ara rẹ̀, Alhaja sì bú sẹ́rìn-ín. Sìdíkátù ń sunkún lẹ́yìn mi, ó ní, “Ó ti pẹ́ tí mo ti rí màmá mi báyìí.”

Lọ́jọ́ kejì, mo ki mẹ́mọ́rì káàdì tí fọ́tò Alhaja wà nínú ẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù. Mo máàkì gbogbo fọ́tò pọ̀ kí n lè kó wọn sínú ẹ̀rọ, ìka mi sì ṣèèṣì tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kí òun pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Mo fẹ́ ní rárá, àmọ́ oòrùn ń tàn sí i, òróró ìka mi sì wà káàkiri ojú ẹ̀, mi ò ríran dáadáa. Mo mú aṣọ, mo nù ún. Àtàǹpàkò mi tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ló tẹ “bẹ́ẹ̀ ni.”

Gbogbo ẹ̀ lọ! Ẹ̀rù bà mí, mo dákẹ́. Mo tiẹ̀ tún fi káàdì yẹn ya ìsọmọlórúkọ kan. Ìgbà tí mo wá gbé e lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó mi orí. “Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, mà. Ẹ ti ya nǹkan mìíràn lé e lórí.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Alhaja kú. Sìdíkátù pè mí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí tí màmá ti ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́.” Mo lanu, irọ́ ló jáde: “Ọwọ́ Àǹtí Bísí ni káàdì yẹn wà, wọ́n ti sọ ọ́ nù.” Ó ní, “Ó dáa. Mi ò ní bá wọn jà.” Lóòótọ́, kò bá wọn jà. Ó kàn sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra irinṣẹ́, iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ rò, ẹ má ro ojú ayé. Àmọ́ ìmọ̀ràn nìyẹn, èmi ló nílò ẹni tó máa gbà mí nímọ̀ràn báyìí. Tí mo bá jẹ́wọ́ fún Sìdíkátù, ọgbẹ́ ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ tú yẹn. Tí mo bá sọ fún Àǹtí Bísí, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ máa mọ̀ pé èmi ni mo ba orúkọ òun jẹ́. Ẹ bá mi dá sí i: ilẹ̀kùn ta ni kí n kọ́kọ́ kàn? Tí wọ́n bá sì ṣí i, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?