Ẹ̀gbà Idẹ tí Harold Gbé Wá

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Ògúntọ́lá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọmọ́ṣaléwá, sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi kì í jáde dáadáa mọ́. Dókítà kò fi pamọ́ fún mi: àìsàn yìí ni yóò mú mi lọ. Mi ò sì fẹ́ gbé ohun tí mo ṣe fún bàbá yín wọ kòtò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, lẹ́yìn náà kí ẹ pinnu bóyá ẹ ó tún máa pè mí ní Àǹtí Mosún.

Ẹ mọ̀ pé tìṣà ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, pé lẹ́yìn náà mo ń mú àlejò káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, mo ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Ọdún kan ni Harold kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó, àgbààgbà tó wá gba ìsinmi. Baba ńlá Harold wà lára àwọn ọmọ ogun tó jà ní Ìmàgbọ̀n nígbà tí òyìnbó fi ìbọn wọ Ìjẹ̀bú. Ó bọ́ ẹ̀gbà idẹ kan lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ tó ṣubú sójú ogun. Ẹ̀gbà náà ni Harold gbé wá láti dá padà. Èmi ni mo béèrè títí mo fi rí ilé yín, ilé alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ṣì ń sọ ìtàn ẹ̀gbà baba ńlá wọn tó bá ogun lọ.

Áà, ìrìn àjò náà dùn! Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín inú bọ́ọ̀sì wa. Timothy, ọ̀kan nínú wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń kíni, ó ń kí ewúrẹ́ pàápàá ní "ẹ kú àárọ̀". Ní odò Yemọji tí àwọn ọmọ ogun gbà kọjá, Rose, ìyàwó Harold, bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ta omi bí ọmọdé. Nígbà tí a dé Ìmàgbọ̀n, Harold ṣí fìlà, ó dúró láàárín igbó títí oòrùn fi yí. A mu gààrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà lábẹ́ igi. N kò tún gbádùn ayé tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ sọ́dọ̀ bàbá yín, a kọ́kọ́ yà sí ọjà Òkè-Ajé. Harold gbé ẹ̀gbà náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi mú un dání. Ẹ̀yin Ìjẹ̀bú lẹ kúkú ni ín." Mo fi í sínú báàgì mi. Rose fẹ́ ra àdìrẹ, èmi náà sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ ọjà ná. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo ń ró aṣọ, mo ń yí síwá sẹ́yìn níwájú dígí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Agbéraga obìnrin! Nígbà tí n ó fi wẹ̀yìn, báàgì ti di àwátì.

Mi ò jẹ́ kí Harold mọ̀. Mo sáré lọ bá Bísí, ọmọ àbúrò ìyá mi, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà lọ́jà náà. Ó wo ojú mi, ó fa ẹ̀gbà idẹ kan yọ. "Àǹtí, èyí ò jọ ọ́ ni? Ta ló fẹ́ mọ̀?" A fi eérú àti epo pa á títí ó fi dúdú bí ohun àtijọ́.

Ọmọ́ṣaléwá, ìwọ wà ní ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ò ń se ìkọ́kọrẹ́ fún àlejò. Ìdí nìyẹn tí o kò fi gbọ́, àwọn tó kù kò sì sí nílé. Bàbá gba ẹ̀gbà náà, ó yí i, ó tún un yí. Ó ní, "Ọmọ mi, èyí kọ́. Baba mi sọ fún mi pé àdá ti ṣá tiwa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bá mi bi í pé tiwa dà?"

Harold ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí, "Kí ni Bàbá wí?"

Mo ní, "Inú wọn dùn. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò san án fún yín."

Mo wá kọjú sí Bàbá. "Wọ́n ní èyí náà ni, àwọn ò ní òmíràn."

Bàbá gbé ẹ̀gbà náà sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Sọ fún un pé baba ńlá rẹ̀ bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ òkú. Òun wá bọ́ ọ̀wọ̀ lára alààyè."

Mo sọ fún Harold pé Bàbá ń súre. Harold dìde, ó dì mọ́ ọn. Bàbá dúró gbagidi bí òpó.

Ẹ má tíì bínú tán, kò tíì burú tó. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò lọ tán ni aláṣọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ró aṣọ lọ́jà ránṣẹ́ pè mí. Òun ló ti gbé báàgì mi sáàárín ẹrù rẹ̀ kí olè má baà gbé e. Ẹ̀gbà wà níbẹ̀, ojú àdá wà lára rẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo dé ẹnu abúlé yín, mo rí Bàbá lókèèrè lórí ìjókòó rẹ̀. Ìtìjú mú mi, mo ní kí ọlọ́kadà yí padà. Bàbá yín pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn, mi ò sì lọ. Bí Harold bá pè, á ní, "Ẹ bá mi kí Bàbá." Èmi á ní, "Bàbá ń kí yín." Mo wá síbi ìsìnkú, mo bá yín sunkún, mo jẹun yín. Nígbà tí Harold tún pè, mo ní, "Bàbá ń kí yín." Mo ń fi òkú kí alààyè!

Lánàá, mo pè é, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: kí ni Bàbá sọ gan-an? Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí ó ṣe jáde lẹ́nu bàbá yín, mi ò yọ, mi ò fi kún un. Ó ní, "Mosún, ká ní mo gbọ́ ni, ǹ bá ti dá Bàbá lóhùn."

Ẹ̀gbà náà nìyí, Ọmọ́ṣaléwá. Gbà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni méjì bá fi ọ̀rọ̀ wọn sí yín lẹ́nu, ohun ìní wọn ni. Ẹni tó bá jí nínú rẹ̀, olè ni. Mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ lè foríjì mí, ẹ lọ sójú oórì bàbá yín, kí ẹ sọ fún un pé Harold kò rẹ́ ẹ jẹ. Orúkọ mi ni kí ẹ dá fún un, kí ẹ sì dá a kedere.