Fọ́tò tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi yà nínú tákàbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò ní dárúkọ ara mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta, kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ wá kúnlẹ̀ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun bẹ̀bẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀.

Télọ̀ ni mí, níbí ní Ìwó. Mo fẹ́ràn kí n máa ya ara mi ní fọ́tò, mi ò ní purọ́, ó ti di bárakú nígbà yẹn. Bí mo bá rán aṣọ tán, màá gbé e wọ̀ kí oníbàárà tó dé, màá ya sẹ́lífì, màá sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì. Bí wọn ò bá tíì sọ pé mo rẹwà, ọkàn mi ò ní balẹ̀. Ìgbà kan wà tí mò ń wo fóònù lórí iṣẹ́ títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sìdíkátù, ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n wọ tákàbà pẹ̀lú ìyàwó kejì, Àǹtí Mùínátù. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ kankan. Yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Orogún tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ara wọn sójú tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀rẹ́. Wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan, bí ọ̀kan bá ń sunkún, èkejì á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ fún wọn. Àǹtí Mùínátù ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ti rù, ojú wọn ti jìn. Mo mú tìróò àti àtíkè jáde látinú báàgì mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi díẹ̀ kùn wọ́n, kára lè yá wọn. Wọ́n kọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà, torí pé èmi ni. Mo wé gèlè pupa mi fún wọn, a jọ kojú sí fóònù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lóṣù méjì tí mo ti rí ẹ̀rín wọn.

Wọ́n ní, “Má gbé e síta o. O mọ̀ pé àwọn ará ilé yìí ń ṣọ́ mi.”

Mo ní, “Àǹtí mi, ṣé orí mi dàrú ni?” Mo fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, wọ́n sì nu ojú wọn nù.

Nígbà tí mo délé, mo wo fọ́tò náà, mo rí i pé mo rẹwà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ojú ara mi nìkan ni mò ń wò, mi ò tiẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Mo ṣe é kí ẹbí ọkọ wọn má lè rí i, mo bá gbé e síta. Mo ní tó bá dìrọ̀lẹ́ màá yọ ọ́. Mo sì yọ ọ́ lóòótọ́. Àṣé ohùn nìkan kọ́ ni ẹyin, fọ́tò náà ẹyin ni.

Oníbàárà mi kan ti fi í pamọ́ sórí fóònù tiẹ̀ kí n tó yọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dọ́wọ́ ẹbí ọkọ wọn. Wọ́n ti gé ojú tèmi kúrò, ó ku Àǹtí mi nìkan, pẹ̀lú tìróò àti gèlè pupa, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹbí jókòó. Wọ́n ní ikú ọkọ ló ń yọ̀ sí, pé bó bá ti jáde tákàbà, kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò dárúkọ mi fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí lórí fóònù. “Ṣé ìwọ lo gbé e síta?”

Mo ní, “Rárá o. Mo ti pa tèmi rẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣebí Àǹtí Mùínátù ló máa ń fi fóònù yín pe àwọn ọmọ wọn?”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ó dáa.

Àǹtí Mùínátù gbé Kùránì, wọ́n búra pé àwọn kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Ilé bàbá wa ní Ilé-Ogbó ni ẹ̀gbọ́n mi wà títí dòní, nínú yàrá kékeré kan. Bí mo bá gbé fóònù sókè pé kí n wo aago lásán, wọ́n á fi ìbòrí bojú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àǹtí Mùínátù wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọ wọn obìnrin, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi pọ̀n dàgbà láìka ọ̀rọ̀ orogún sí. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ wọ́n jù mí lọ. “Bá mi bẹ ìyáálé mi. Mi ò ṣe ohun tí wọ́n ní mo ṣe, ṣùgbọ́n bá mi bẹ̀ wọ́n. Ọmọ yẹn ń sunkún pé òun fẹ́ rí wọn níbẹ̀.” Mo fà wọ́n dìde, mo ní màá bẹ̀ wọ́n. Ẹ ò rí irú èèyàn témi jẹ́.

Mo lọ sí Ilé-Ogbó, mo sì fẹ́ jẹ́wọ́. Mo jíṣẹ́ yìgì náà tán, ó ku kí n sọ ìyókù, ni ẹ̀gbọ́n mi bá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Ẹni tá a jọ sùn lórí ẹní kan ló tà mí. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè fọkàn tán.” Mi ò sọ ìyókù mọ́. Mo jẹ oúnjẹ wọn, mo gun ọ̀kadà padà sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó gbé e síta, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bi í. Bó bá ní rárá, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ rẹwà tó.

Yìgì náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi á rí orogún wọn gbà padà, àmọ́ wọ́n á pàdánù èmi tí wọ́n tọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, tí mo bá kúnlẹ̀ tán, gbólóhùn wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?